Ìwé Atọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ẹni Tó Polówó Ni Yóò Mú Ẹ̀rí Wá

Ọdọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tó yege nínú ìdánwò JAMB ń wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní àwọn yunifásítì wa, láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ilé-Ifẹ̀ dé Àkúngbá. Ọdún márùn-ún gbáko ló wà níwájú wọn kí wọ́n tó gba oyè, kí wọ́n tó wá kọjá sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà fún ìdánwò tí yóò sọ wọ́n di agbẹjọ́rò. Ìwé ńláńlá lórí òfin kò ṣàì sí ní ilé ìkàwé. Ẹni tí yóò sọ fún wọn bí a ṣe ń ka àwọn ìwé náà ló ṣọ̀wọ́n: bí a ṣe ń ka ẹjọ́, bí a ṣe ń tú ìbéèrè ìdánwò palẹ̀, bí a ṣe ń ya ọ̀rọ̀ tó gbé ìdájọ́ dúró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí adájọ́ kàn sọ kọjá lọ. Àwọn olùkọ́ gbà pé ọmọ tó bá ti wọlé yóò mọ̀ ọ́n bó bá yá. Àwọn ọmọ náà sì ń tijú láti béèrè, nítorí olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni kò yé. Àlàfo yìí ni ìwé atọ́nà ń dí. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí olùkọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló máa ń kọ ọ́, tí yóò fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ polówó rẹ̀.

Mo gbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ ní títẹ̀, ó sì yẹ ní pípolówó ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú pé ẹrù kan wà lórí ẹni tó bá dá a ṣe, ẹrù tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbé. Abala 131 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre lórí ohun tó sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀, òun ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìlànà yìí ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé tó ń tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde gbé lé ara rẹ̀ lórí. Kò sí olóòtú láàárín òun àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò sí ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí ìwé náà bá ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá kọ sínú ìwé àti gbogbo ohun tó bá sọ láti tà á, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé kékeré tí a tẹ̀ fún àwọn tó wà nítòsí jẹ́ nǹkan yẹpẹrẹ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ òfin. William Blackstone bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford ní 1753. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yá ara wọn dà kọ, àdàkọ náà sì ń tàn kálẹ̀ tàṣìṣetàṣìṣe. Ní 1756 ó tẹ ìlapa ẹ̀kọ́ náà jáde. Láàárín 1765 sí 1769 ó wá gbé Commentaries jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́rin, ó sì sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé àwọn àdàkọ tó ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ wà lára ohun tó mú òun ṣe é. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí Karl Llewellyn bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ ní Columbia ló di The Bramble Bush, tí wọ́n tẹ̀ ní 1930 fún ìlò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó di 1951 kó tó bọ́ sí ọjà gbogbo ayé. Learning the Law tí Glanville Williams kọ ní 1945 ṣì ń jáde ní àtúntẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nílé níbí, Gani Fawehinmi ọmọ Oǹdó kò dúró de ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kankan ní 1985 tó dá Nigerian Weekly Law Reports sílẹ̀, kí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lè máa tètè dé ọwọ́ àwọn tó nílò rẹ̀. Lónìí, ibi tí a bá ti ń kọ́ òfin ní Nàìjíríà ni wọ́n ti mọ NWLR. Ohun tó so àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ni pé ẹni tó rí àlàfo náà lójú ara rẹ̀ ló dí i, ó sì dí i lójú àwọn tó lè já a bí ó bá purọ́. Ọmọ kíláàsì Llewellyn lè dìde kó ní ohun tí olùkọ́ kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò tó wà ní kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́ lè gbé ìwé Gani, kó sì fi wé ohun tó fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dà bí àfẹnusọ, ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin àdéhùn tí kò ní bá a pàdé: Carlill v Carbolic Smoke Ball Co [1893] 1 QB 256. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò wo ìlà kan ṣoṣo yìí, yóò sì ṣe àṣìṣe mẹ́rin kó tó ṣí ìwé. Yóò pe lẹ́tà v náà bí ó ṣe rí i, nígbà tó jẹ́ pé nínú ẹjọ́ àárín ẹni méjì, ‘and’ ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é lẹ́nu. Yóò rò pé 1893 ni wọ́n dá ẹjọ́ náà. Oṣù Kejìlá 1892 ni, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn ẹjọ́ náà ló wà nínú àkámọ́. Yóò rò pé àkámọ́ onígun àti àkámọ́ róbótó kò yàtọ̀ síra. Ti onígun ń sọ fún un pé ọdún yẹn gan-an ni yóò fi wá ìwé náà lórí pẹpẹ, nígbà tó jẹ́ pé nínú NWLR, ọdún wà nínú àkámọ́ róbótó, nọ́ńbà Pt (ìyẹn apá) tó ń tẹ̀ léra wọn láti 1985 ló sì ń tọ́ni sí i. Yóò rí QB, yóò rò pé ilé ẹjọ́ Queen's Bench ló sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ló wà ní ojú ewé 256. Gbogbo èyí kò gbà ju ojú ewé kan lọ láti ṣàlàyé. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé òfin àdéhùn kì í dá a sọ, nítorí ẹni tó kọ wọ́n rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìwé atọ́nà tó bá ṣe àlàyé yìí dáadáa ti ran ọmọ náà lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ kan nínú òfin tí kò ní bá irú ìlà bẹ́ẹ̀ pàdé nínú rẹ̀.

Àtakò kìn-ín-ní tí irú ìwé yìí máa ń bá pàdé ni pé ta ni òǹkọ̀wé náà. Wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Kí ẹni tí kò tíì dúró níwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kan rí fi ọ̀rọ̀ òfin sílẹ̀ fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdajì òwe ni wọ́n ń pa. Ìdajì kejì ni pé ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń ka ẹjọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò lè rántí mọ́ pé àkámọ́ ti rú òun lójú rí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìrújú náà ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rí gidi sì ni. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣẹ láti sọ pé báyìí ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ yóò ṣe dá ẹjọ́ tí kò tíì délẹ̀, tàbí pé ọ̀mọ̀wé kan ni òfin àdéhùn yé ju èkejì lọ. Bí ó bá dúró síbi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé, tó kọ nípa bí a ṣe ń kàwé, bí a ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ nínú kíláàsì, bí a ṣe ń pín ọ̀sẹ̀ láàárín iṣẹ́ méje, bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè tó gbé ìtàn kalẹ̀ tó sì ní kí a gba ẹnìkan nímọ̀ràn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó jókòó lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbi tó bá ti di dandan kó mẹ́nu ba òfin fúnra rẹ̀, kó wá olùkọ́ tó mọ ẹ̀kọ́ náà kó bá a kà á, kó sì sọ nínú ìwé pé wọ́n bá òun kà á.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n ní ìwé atọ́nà ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ: yóò ka àkópọ̀, yóò sá fún ẹjọ́, yóò há ìdáhùn sórí, kò ní kọ́ ìrònú. Òótọ́ ni pé ìwé tó ń ṣe báyìí wà, àwọn ìwé pélébé tó kó ìbéèrè ọdún tó kọjá jọ, tí wọ́n sì to ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀ bíi pé òfin ní ìdáhùn kan ṣoṣo. N kò ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa pé ibi tí kò bá sí ìwé atọ́nà, ṣé àwọn ọmọ ń lọ ka ìdájọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni? Àkópọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, èyí tí àṣìṣe ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà nínú rẹ̀ digbí. Ohun tó ya ìwé rere sọ́tọ̀ hàn kedere. Ìwé tó bá sọ ẹjọ́ Carlill, níbi tí obìnrin kan ti pe ilé iṣẹ́ kan lẹ́jọ́ lórí owó tí wọ́n ṣèlérí nínú ìpolówó, ní ìlà mẹ́ta tó sì dákẹ́ ti gba iṣẹ́ ọmọ náà ṣe. Èyí tó bá bi í pé, ‘Kí ni ilé iṣẹ́ náà sọ pé ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn má jẹ́ ìlérí? Kí ni adájọ́ tọ́ka sí láti já wọn nírọ́? Kí ló dé tí obìnrin náà kò fi ní láti kọ̀wé sí wọn pé òun gbà?’ ti rán an lọ sí ojú ewé 256, nítorí kò lè dáhùn láìdé ibẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ní ìwé òun kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ, kó ṣí i fún wa, kó fi ojú ewé tó ń rán òǹkàwé níṣẹ́ hàn wá.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí àìsí olóòtú ń fà. Òfin ilẹ̀ wa kì í dúró sójú kan. Òfin Ẹ̀rí tí mo fà yọ lókè, 2011 ló gba ipò ti àtijọ́. Òfin àwọn ilé iṣẹ́, CAMA, tí wọ́n fi ọdún 1990 mọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ti di ti 2020. Òfin Àṣẹ Òǹkọ̀wé ti di ti 2022. Ọmọ tó bá tọ́ka sí abala òfin tí wọ́n ti pa rẹ́ nínú ìdánwò, ìwé tó kà ni yóò dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n máàkì tirẹ̀ ló máa lọ. Nítorí náà, mo ní ìwé atọ́nà tí kò bá kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n yẹ òfin inú rẹ̀ wò gbẹ̀yìn kò tíì parí, bó ti wù kí èèpo rẹ̀ dán tó. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀rí tí kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi nọ́ńbà ISBN yangàn nínú ìpolówó wọn, bíi pé ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé náà. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ló ń fún àwọn atẹ̀wé ní nọ́ńbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí a lè fi dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn lọ. Kò sẹ́ni tó ka ìwé náà kó tó fún un ní nọ́ńbà. Bákan náà ni òfin ilé ìkàwé yẹn ti 1970 sọ pé kí atẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín oṣù kan. Ó dára kí òǹkọ̀wé ṣe é, pàápàá ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní òfin. Ṣùgbọ́n kó má fi ẹ̀dà mẹ́ta tó wà nípamọ́ rọ́pò ẹni kan ṣoṣo tó mọ òfin tó sì fi bírò pupa ka gbogbo rẹ̀.

Ti títẹ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò àríyànjiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ẹni tó bá lọ sí Ṣómólú ní Èkó, tàbí sí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, yóò gbọ́ pé bí ẹ̀dà bá ṣe pọ̀ tó ni owó ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń dín kù. Òótọ́ ni fún ẹ̀rọ offset, nítorí owó plate àti owó àtigbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ kò yàtọ̀ yálà ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni o tẹ̀ tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀rọ digital kò nílò plate. Iye kan náà ni yóò máa gbà lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ni èèyàn sì lè tẹ̀ níbẹ̀ láìdá gbèsè. Fún ìwé tí òfin inú rẹ̀ lè yí padà láàárín ọdún kan, tí àwọn tó nílò rẹ̀ kò ju àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn lọ, mo rò pé ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú nínú yàrá jẹ́ ìdẹkùn. Ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní fẹ́ gbà pé ojú ewé kan ti di àtijọ́. Yóò máa tà á lọ. Títẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló fi òǹkọ̀wé sílẹ̀ láti sọ òótọ́ kó sì tún ìwé ṣe. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti tún ṣe, ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé má kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ojú kan. OkadaBooks, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ń ta ìwé wọn lórí rẹ̀ láti 2013, kógbá sílé ní ìparí oṣù Kọkànlá 2023.

Ìpolówó ni mo kà sí ibi tí ìdánwò gidi wà. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ìwé atọ́nà ni pé ẹni tó bá kà á yóò gba A. Ẹjọ́ Carlill tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà ti dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1891, ilé iṣẹ́ kan ní London ń ta bọ́ọ̀lù rọ́bà tó ní oògùn lẹ́búlẹ́bú nínú, tí wọ́n ń fà sí imú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí àìsàn influenza sì tún mú un, àwọn yóò fún un ní pọ́n-ùn 100, àti pé àwọn ti kó pọ́n-ùn 1,000 sí báǹkì láti fi hàn pé àwọn kò ṣeré. Louisa Carlill lò ó láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kìn-ín-ní 1892, àìsàn náà sì mú un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà ní àpọ́nlé ọjà lásán ni. Àwọn adájọ́ tọ́ka sí owó tó wà ní báǹkì, wọ́n sì ní kí wọ́n sanwó obìnrin náà. N kò sọ pé ẹni tó ní ìwé òun ń fúnni ní A ti wọ àdéhùn tí wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù lé lórí. Àpọ́nlé lásán ni ilé ẹjọ́ yóò sábà kà á sí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohun tó lè gbà á là ni pé kò sí olóye tó yẹ kó gbà á gbọ́, kí ló wà fún lẹ́nu ẹni tó ń fẹ́ kọ́ ọmọ ní òfin? Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò tó jáde ní 2007, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ti 2023 tó rọ́pò rẹ̀, ní abala 39, kò gbà kí agbẹjọ́rò fi iye ẹjọ́ tó ti jàre polówó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí kó máa fi ara rẹ̀ wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà náà kò dárúkọ ìwé atọ́nà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá a mu: àbájáde wà lọ́wọ́ ohun púpọ̀ tí olùpolówó kò lágbára lórí rẹ̀. Ohun tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni kó sọ. Ó lè sọ pé, ‘Orí kẹta kọ́ ọ bí a ṣe ń wá ẹjọ́ nínú NWLR, òun nìyí, kà á kó o tó sanwó.’ Ẹni tó ń ta gààrí lọ́jà kì í bínú bí oníbàárà bá bù díẹ̀ sẹ́nu kó tó ní kí ó wọn kóńgò kan fún òun, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n kọ̀ láti polówó rárá, tí wọ́n ní ìyìn ara ẹni kò dára, ìwé tó bá dára yóò tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ẹ̀mí rere ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà ẹ̀kọ́ ni ìwé yìí wúlò jù. Bí ó bá gbà á lóṣù mẹ́fà kí ìròyìn rẹ̀ tó dé etí àwọn tó nílò rẹ̀, àwọn ọmọ náà ti rù, wọ́n ti sọ̀. Ìpolówó tó ń sọ ohun tó wà nínú ìwé, iye rẹ̀, ibi tó wà, àti ẹni tí kò nílò rẹ̀, ìkéde ni, kì í ṣe ìyìn ara ẹni. Ohun tó yẹ kó ti òǹkọ̀wé lójú ni àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú tí a fi ń rọ́pò rẹ̀: kí olórí kíláàsì máa kọ orúkọ ẹni tó rà àti ẹni tí kò rà sílẹ̀, kí olùkọ́ fi ẹnu tó fi ń fúnni ní máàkì sọ pé kí wọ́n ra ìwé ọmọ òun, kí àgbà agbẹjọ́rò kan kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé tí kò kà, kí òǹkọ̀wé jókòó kọ ẹ̀rí ‘oníbàárà’ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó wọlé lánàá kò ní ìgboyà láti kọ ohun tí àgbà bá fi lọ̀ ọ́. Títà fún un lábẹ́ ìbẹ̀rù kò fi hàn pé ìwé dára. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló fi hàn. Ẹni tí òǹkọ̀wé bá fún ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kó bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kó jẹ́ kí ẹni náà sọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú, kó sì sọ fáyé pé ọ̀fẹ́ ló gbà á.

Àtakò tó kù ti ẹnu àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn wá: kí ni èèyàn yóò máa làágùn sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọn yóò rà, tí wọn yóò sì dà á kọ fún gbogbo kíláàsì? Òfin wà lẹ́yìn wọn. Àṣẹ òǹkọ̀wé ń bẹ láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti wà lákọsílẹ̀, kò dúró de ìforúkọsílẹ̀, ó sì ń bá a lọ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí òǹkọ̀wé olóye tí yóò pe àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní lẹ́jọ́. Iye owó tí apá ọmọ ká àti àtúntẹ̀ tó ń jáde lásìkò ló lè dín dídàkọ kù, nítorí ẹni tó dà ti ọdún tó kọjá kọ ti gba òfin ọdún tó kọjá. Mo sì rò pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé rántí ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀. Àdàkọ tó kún fún àṣìṣe ló mú Blackstone tẹ ìwé tirẹ̀. Kò fi dídákẹ́ bá a jà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwé atọ́nà nínú, kó kọ ọ́, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì kéde rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sáà. Ṣùgbọ́n kó kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ òfin inú rẹ̀ wò, kó sọ orúkọ ẹni tó bá a kà á, kó kọ ohun tí ìwé náà kò kọ́ni sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ti rà á bí àṣìṣe bá yọjú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gba àkókò, wọ́n sì lè dín èrè kù níbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn lè tà jù ú lọ lọ́dún àkọ́kọ́. Àmọ́ òǹkàwé ìwé yìí kì í ṣe oníbàárà lásán. Fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí a sì béèrè pé ibo ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Láìpẹ́ láìjìnnà, yóò bi ìwé tó kọ́kọ́ rà ní ìbéèrè náà. Èyí tí kò bá lè dá a lóhùn kò ì tíì yẹ lójú ọjà.